Ta Ló Fi Orúkọ Fọláhàn Jẹ́rìí Lórí Caribou?

Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Calgary, fèrèsé ni yóò máa bá ṣọ̀rẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù January, ọdún 2016, Fọláhàn Adéjùmọ̀ ti dìde lọ síbi fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Martindale nígbà mẹ́jọ, aago mẹ́wàá ò sì tíì lù. Á wo ìta. Á jókòó. Á tún dìde. Ó ṣí fìríìjì, kò mú nǹkan kan níbẹ̀, ó tún pa á dé.

"Daddy Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbì kan," ni Serifat ìyàwó rẹ̀ wí. Nọ́ọ̀sì ni Serifat, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé láti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Sunridge ni. "Ìrìn yín yìí ń dà mí lórí rú."

"Òjò ló ń rọ̀ sórí snow," ni Fọláhàn fèsì. "Òjò, nínú January!"

"Ṣé òjò ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á létí, àmọ́ kò jà. Oṣù keje rèé tí ilé iṣẹ́ epo tó ń bá ṣiṣẹ́ ti dá òun àti ogójì èèyàn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, làwọn ẹnjiníà tó ń wọ táì lọ sí downtown bá di ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sí daycare. Ọkàn Fọláhàn kì í balẹ̀ mọ́. Tí fóònù bá dún, á fò. Tí kò bá dún, á tún máa wò ó bóyá ó ti kú.

Fóònù náà dún lóòótọ́. WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ epo ni. Ẹ̀gbọ́n Ọláoyè, alága ẹgbẹ́, ló kọ̀wé:

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé tí a fẹ́ kọ sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ caribou ti parí. Orúkọ gbogbo wa ti wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe wàhálà kankan. Ọjọ́ Friday ló máa lọ, torí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìjọba ò ní gba èrò mọ́."

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ́ caribou fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹran ìgbẹ́ ni, ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ó sanra jù ú lọ, pátákò rẹ̀ sì fẹ̀ kó lè rìn lórí snow. Òtútù ni ilé rẹ̀. Nígbà òtútù yẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé àbá kan jáde: pé kí wọ́n dáàbò bo igbó tí caribou ń gbé, kí wọ́n gbin igi padà sójú àwọn ọ̀nà tí wọ́n là láti wá epo, kí èyí sì wà lára ohun tí ìjọba máa ṣe nípa ìyípadà ojú ọjọ́. Wọ́n ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn.

Fọláhàn ṣí ìwé ẹgbẹ́. Kò tíì kà á dé ìlà karùn-ún tó fi fò dìde.

"Serifat! Wá wo nǹkan!"

Ìwé náà sọ pé: "Àwa tí a ti wọ inú igbó náà ń jẹ́rìí pé kò sí ohun tó ṣe caribou. Ẹnjiníà Fọláhàn Adéjùmọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ṣiṣẹ́ kámẹ́rà inú igbó fún ọdún mẹ́ta, ó sì rí i pé wọ́n pọ̀ lọ jàra. Àsọdùn lásán ni ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́."

Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ wà, wọ́n tò ó lọ rẹrẹẹrẹ. Orúkọ Fọláhàn ló ṣíwájú. Orúkọ Serifat tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ o, orúkọ Dámiláre ọmọ wọn náà wà níbẹ̀.

"Ha! Dámiláre kẹ̀?" Serifat pariwo. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Èyí tí kò tíì lè dá homework rẹ̀ ṣe tán! Níbo ni wọ́n ti rí orúkọ wa?"

Fọláhàn wo bí wọ́n ṣe to àwọn orúkọ náà, ó mí kanlẹ̀. "Ìwé tí a kọ orúkọ sí níbi ìkómọ ọmọ Titus, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, nìyí. Èyí tí wọ́n fi ń ka iye èèyàn kí oúnjẹ lè kárí."

"Ẹ gbà mí o! Orúkọ tí a kọ nítorí ìrẹsì ni wọ́n kó lọ fún ìjọba?"

Ẹ má bínú sí Ọláoyè jù. Nílé lọ́hùn-ún, bí olórí ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á kọ orúkọ gbogbo èèyàn sílẹ̀, á ní "wa" ni òun ń ṣojú fún, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Kò rí i bí ìwà burúkú. Àṣìṣe tí ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe nìyẹn, a sì máa ń rò pé ìfẹ́ ni.

Fóònù tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, Fọláhàn nìkan ni Ọláoyè kọ̀wé sí: "Àbúrò mi, mo fi orúkọ ẹ ṣíwájú kí manager mi níbi iṣẹ́ epo lè rí i. Lọ́jọ́ Monday, èmi fúnra mi ni màá mú CV ẹ lọ bá a. Àyè kan ti ṣí sílẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ fún."

Fọláhàn jókòó wọ̀ọ̀. Iṣẹ́ rèé, ó wọlé wá bá a nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òru, ó tún ń ṣe ti ọ̀sán mọ́ ọn, kí wọ́n má bàa gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

Serifat wò ó títí. "Daddy Dámi, ṣé wọ́n pọ̀ lọ jàra lóòótọ́?"

Ọkọ rẹ̀ yí fóònù dojú bolẹ̀. Ó dìde, ó tún padà síbi fèrèsé.

"Mo ní, kí lẹ rí nínú kámẹ́rà yẹn?"

"Lọ́dún kìn-ín-ní tí ilé iṣẹ́ wa so kámẹ́rà mọ́ igi nínú igbó, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò rí wọn. Wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, méje, mẹ́sàn-án. Lọ́dún kẹta, mo wo àwòrán fún oṣù méjì gbáko kí n tó rí ẹyọ kan. Abo ni, ìwo rẹ̀ kan ti kán. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún yẹn, òun nìkan ló ń dá rìn."

"Ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìkookò. Ojú ọ̀nà tí àwa là gan-an ni ìkookò ń gbà. Ẹran yẹn kọjá níwájú kámẹ́rà, kò pé wákàtí mẹ́ta, ìkookò mẹ́rin gba ibẹ̀ kọjá. Mo wò ó, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n wá ní ẹ jẹ́rìí pé wọ́n pọ̀."

"Serifat, mo mọ̀! Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" Ó gbóhùn sókè, ojú sì tì í lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Inú basement Ẹ̀gbọ́n la gbé fún oṣù mẹ́rin nígbà tí a dé. Àwọn ló wá gbé wa ní airport. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ko wọ́n lójú? Citizenship wa sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó ń retí ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ṣé ó yẹ kó máa bá ìjọba sọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò bi í? Jẹ́ ká dákẹ́."

"Ẹ lọ rí Àǹtí Dóyin ná," ni Serifat wí. "Ẹ má dákẹ́ láìbéèrè."

Ọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mall Sunridge ni Àǹtí Dóyin Ládélé ti ń ran àwọn àjèjì lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù. Ó ti ju ogún ọdún lọ tó ti wà ní Calgary, kò sì sí ìwé ìjọba tí kò mọ ìdí rẹ̀. Fọláhàn wọ train. Ibùdókọ̀ mẹ́ta péré ni, àmọ́ kò lè jókòó. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka lu irin.

Àǹtí Dóyin ka ìwé náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Fọláhàn, ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o fọwọ́ sí i?"

"Rárá, mà. Wọ́n kọ orúkọ mi sí i ni."

"Òtítọ́ ni ohun tí wọ́n ní o rí?"

Fọláhàn wolẹ̀. "Irọ́ ni, mà."

"Ó dáa. Àwọn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì nìyẹn. Kí ló wá ń dẹ́rù bà ẹ́?"

Ó kà á sílẹ̀ fún un: iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, citizenship. Nígbà tó dé orí citizenship, Àǹtí Dóyin bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Nǹkan tẹ́ ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ara yín lẹ ń gbà gbọ́. Ìbò ni ẹni tó ní PR, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ò lè dì. Ta ló sọ pé kò lè kọ̀wé? Ìjọba fúnra wọn ló ní kẹ́ni tó bá ń gbé ìlú yìí wá sọ̀rọ̀. Ìwọ ń gbé ibí, o ń san tax, afẹ́fẹ́ ibí lò ń mí sínú. Kò sẹ́ni tó máa fi èrò rẹ dí ẹ lọ́wọ́ citizenship. Irọ́ tí o bá pa fún ìjọba ni kó dẹ́rù bà ẹ́. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n náà. Ọgbọ̀n ọkùnrin ló jókòó sílé nínú ẹgbẹ́ wa. Tí ìjọba bá tún ti igbó pa, kí la máa jẹ?"

"Ṣé caribou ló já owó epo wálẹ̀?"

Fọláhàn fọwọ́ họ orí.

"Mo ń bi ẹ́ o. Ẹran tó wà nínú igbó, tó ń wa snow wá nǹkan jẹ, ṣé òun ló dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́? Ọjà àgbáyé ló bàjẹ́. Tí ẹran yẹn bá kú tán lónìí, owó epo ò ní fi kọ́bọ̀ kan gbéra. Bẹ́ẹ̀, inú àbá yẹn kan náà ni wọ́n ti ní àwọn fẹ́ gbin igi sójú ọ̀nà igbó. Ta ló máa ya máàpù ẹ̀? Ta ló máa wa katakata ẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igbó náà ni?"

Fọláhàn wo ojú fèrèsé. Òjò ṣì ń rọ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tún bi yín. Ooru òní yìí, ṣé òun ni ìyípadà ojú ọjọ́?"

"Ooru ọjọ́ kan ò tó ẹ̀rí. Afẹ́fẹ́ Chinook, tó máa ń mú ooru wá láàárín òtútù, ti ń fẹ́ ní Calgary látijọ́. Èyí tó ń dun ẹran ni ti ọdún dé ọdún. Ìwọ lo wà nídìí kámẹ́rà, ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òtútù tó mú ganrínganrín ni kì í jẹ́ kí àgbọ̀nrín lè gbé apá àríwá yẹn látijọ́. Bí òtútù ṣe ń dín kù, tí igbó sì ń là, àgbọ̀nrín ń rọ́ wọbẹ̀. Ìkookò ń tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀ wá. Nígbà tó bá dé, caribou, tí kì í bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún, ni yóò tún máa pa. Ní àríwá pátápátá sì rèé, òjò á rọ̀ sórí snow, á dì gbagidi bíi síméńtì, ẹran á wa ilẹ̀ títí, pátákò rẹ̀ ò ní kan oúnjẹ.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn," ni Àǹtí Dóyin wí. "Ọ̀kan ṣoṣo, lórúkọ tìẹ, nípa ohun tí ojú tìẹ rí. Ó wúlò ju ọgọ́rùn-ún orúkọ tí wọ́n kó jọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ lójúkojú. Má lọ bú u lórí WhatsApp. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lọ́jọ́ Thursday, Fọláhàn wa mọ́tò lọ sí Chestermere, ìlú etí adágún tí Ọláoyè ń gbé. Òru méjì ni kò sùn. Omi ti ń dúró lórí yìnyín adágún náà, wọ́n sì ti gbé pátákó síbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má rìn ín. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ níwájú ilé Ọláoyè kó tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ọláoyè fà á dìde, ó di mọ́ ọn. "Àbúrò mi! Iṣẹ́ ti dé!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ ti ṣe bàbá fún mi nílùú yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé yẹn. Ẹ yọ ti ìyàwó mi. Ẹ yọ ti ọmọ mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọláoyè. "Kí ló dé?"

"Mi ò rí ohun tí ìwé yẹn ní mo rí, sà. Òdì kejì ẹ̀ ni mo rí."

"Ta ní bi ẹ́ léèrè ohun tó o rí? Iṣẹ́ làwa ń wá! Ṣé o fẹ́ ṣiṣẹ́ àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà. Ó ń wù mí débi tí mi ò lè sùn."

"Nítorí ẹran! Fọláhàn, nítorí ẹran tí o ò ní jẹ, tí o ò ní tà! Tí mo bá yọ orúkọ ẹ, mi ò ní lè mú CV ẹ lọ síbì kankan. Kí ni màá sọ fún manager mi?"

Fọláhàn rántí ilé. Ó rí ojú Serifat tó ti wọnú. Díẹ̀ ló kù kó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ tí bàbá mi sọ mí lẹ fi jẹ́rìí èké. Tí wọ́n bá pè mí lọ́la pé kí n wá mú àwòrán wá, kí ni kí n gbé fún wọn? Ẹ yọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ ò bá yọ ọ́, èmi fúnra mi máa kọ̀wé sí ìjọba pé kì í ṣe èmi."

"Máa lọ," ni Ọláoyè wí. Kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ń kọ ìwé tirẹ̀ sí ìjọba, ni Dámiláre bá wá bá a. "Daddy, Mummy said I wrote to the government. I didn't write anything!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. A ti ní kí wọ́n yọ orúkọ ẹ."

"But can I?"

Fọláhàn wò ó, ó rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Lọ mú pẹ́ńsùlù ẹ wá."

Lọ́jọ́ Friday, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìwé Fọláhàn ti parí, ó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó sọ ohun tó rí lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sọ ti abo tí ìwo rẹ̀ kan kán yẹn. Ó ní kí ìjọba dáàbò bo igbó tó kù, kí wọ́n gbin igi sójú ọ̀nà tí wọ́n là, kí wọ́n sì ṣòfin tó lágbára láti dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù, torí tí ooru bá ń pọ̀ sí i, igi nìkan ò lè gba ẹran náà là. Ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ igi gbígbìn náà fún àwọn tí iṣẹ́ epo bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò tíì tẹ bọ́tìnì. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Fóònù dún. Ọláoyè ni.

"O ti kó mi sí wàhálà," ni ohùn náà wí. "O jáde nílé mi tán, ni mo bá ní kí n kúkú béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Mẹ́rìnlá ti ní kí n yọ orúkọ àwọn. Akínbámi ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ìwé náà ò lọ mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ọláoyè rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò ní lè mú CV ẹ lọ, Fọláhàn. Mo ti sọ ọ́, mo ti sọ ọ́."

"Ó yé mi, sà."

"Kí ìyàwó ẹ má bínú sí mi."

Fọláhàn gbé fóònù kalẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì díbọ́n pé kò bàjẹ́. Serifat jáde láti yàrá, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni Fọláhàn fi tẹ bọ́tìnì. Lẹ́yìn náà ni Serifat dìde, ó lọ wọ train lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, iṣẹ́ ò dé lọ́jọ́ Monday yẹn. Mi ò ní tàn yín jẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ní fún yín.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi orúkọ yín sínú ìwé tí ẹ ò kà, bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, bó jẹ́ alága, bó jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Tí wọ́n bá ti fi sí i, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọn ò bá yọ ọ́, ẹ kọ̀wé sí ìjọba fúnra yín. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ lòun máa fi ṣe pààrọ̀ ẹ̀rí ọkàn yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀.

Ẹni tó ní PR lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá náà lè sọ̀rọ̀. Nígbàkigbà tí ìjọba bá ní àwọn ń gba èrò lórí igbó, lórí ẹran tàbí lórí ojú ọjọ́, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ kọ ìlà díẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín. Tí òyìnbó yín ò bá já gaara, àwọn ọ́fíìsì tó ń ran àjèjì lọ́wọ́ á bá yín kọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má fi ohun tí ẹ ò rí kún un. Ẹ bi aṣòfin àdúgbò yín pé kí ló ń ṣe láti dín èéfín kù, kí ẹ sì tún padà bi í. Igi tí ẹnì kan bá gbìn dáa, iná tí ẹ bá pa nínú ilé dáa, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ló lè ṣòfin fún gbogbo ilé iṣẹ́, ìjọba kì í sì í gbọ́ ohun tí a kò sọ.

Caribou ò mọ̀wé kọ. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kọ, tí a sì rí i tó ń dá rìn láìlọ́mọ, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́.